Ta Ló Wa Mọ́tò Náà? Ìtàn nọ́ḿbà mọ́tò, kámẹ́rà àti owó ìtanràn l'Ékòó

 Ẹ̀yin tí ẹ máa ń gbọ́ wa nínú danfo, tí ẹ fi earpiece há etí kan kí etí kejì lè máa gbọ́ kọ̀ńdọ́, ẹ kú ìrìn o. Ẹ̀yin tí kíkà tẹ́ lọ́rùn ju gbígbọ́ lọ, ohun tí mo sọ nínú ètò náà nìyí. Ibi tí mo ti ń wúkọ́ nìkan ni mo yọ kúrò.

Ẹ bá mi dúró ní ráńdábaòtù Ikotun fún ìṣẹ́jú márùn-ún péré, ní aago mẹ́fà ààbọ̀ àárọ̀, nígbà tí súnkẹrẹ-fàkẹrẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń jí. Ẹ má wo ojú dírẹ́bà. Iwájú mọ́tò ni kẹ́ ẹ wò. KTU, KTU, KTU. Láti inú orúkọ Ikotun ni wọ́n ti yọ lẹ́tà mẹ́ta yẹn, òun sì ni àmì ìjọba ìbílẹ̀ Alimosho lórí nọ́ḿbà mọ́tò. Kò sí ìjọba ìbílẹ̀ tí èrò rẹ̀ pọ̀ tó tiwa ní ìpínlẹ̀ Èkó. Ìkànìyàn ọdún 2006 ka ènìyàn 1,277,714, ìjọba Èkó ní irọ́ ni, pé a ju mílíọ̀nù méjì lọ. Ẹni tó bá ti dúró ní Ikotun ní àárọ̀ ọjọ́ Ajé mọ ẹni tó sọ òótọ́ nínú àwọn méjèèjì.

Ẹ̀gbọ́n mi kan tó ń gbé ní Igando ta Corolla rẹ̀. Ó gba owó, ó kó ìwé àti kọ́kọ́rọ́ fún ẹni tó rà á, wọ́n bọ ara wọn lọ́wọ́, ó parí. Ó kéré tán, òun rò pé ó parí. Lálẹ́ ọjọ́ kan, ó ń jẹ ẹ̀bà lọ́wọ́ nígbà tí àtẹ̀jíṣẹ́ wọlé sórí fóònù rẹ̀: mọ́tò tí nọ́ḿbà rẹ̀ jẹ́ báyìí-báyìí rú òfin ní òpópónà kan ní Ikeja, kó wá san owó ìtanràn. Ó kọ́kọ́ rò pé àwọn ọmọ Yahoo ni. Ó fi ránṣẹ́ sí mi pé kí n bá òun wò ó, nítorí èmi ni ẹni tó mọ nǹkan kọ̀ǹpútà nínú ẹbí. Mo wò ó. Nọ́ḿbà mọ́tò rẹ̀ àtijọ́ ni lóòótọ́. Láti Igando, pẹ̀lú ẹ̀bà lọ́wọ́, ẹ̀gbọ́n mi ti rú òfin ní Ikeja.

Láti ìgbà yẹn ni ọ̀rọ̀ yìí ti ń jà ràn-ìn nínú mi. Kámẹ́rà kò mọ ẹ̀gbọ́n mi rí. Nọ́ḿbà ló rí, ó sì lọ wo inú ìwé ẹni tó ni nọ́ḿbà. Ìtàn tí mo fẹ́ sọ lónìí ni ti bí nọ́ḿbà ṣe di ẹni tí ìjọba ń bá ṣẹjọ́, àti ohun tó máa ń ṣẹlẹ̀ nígbà tí ìwé tó wà lẹ́yìn nọ́ḿbà yẹn kò bá bá ayé mu mọ́.

Ní Paris, ní ọdún 1893, ni àwọn ọlọ́pàá ti pàṣẹ pé kí mọ́tò máa gbé àmì tí wọ́n á fi dá a mọ̀. Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ṣe òfin tiwọn ní 1903, ó sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọjọ́ kìíní ọdún 1904. Kò ṣòro láti mọ ìdí: mọ́tò ń sá, ọlọ́pàá ń fẹsẹ̀ rìn. Àwọn òyìnbó náà ló gbé e wá fún wa, a sì gbà á bí a ṣe gba ìwé orí.

Àárín ọdún 1970 sí 1979 ni ọ̀rọ̀ náà wá di tiwa gan-an. Ogun abẹ́lé ti parí, owó epo rọ̀bì ń wọlé, ìjọba fi owó tí wọ́n ń pè ní Udoji kún owó oṣù àwọn òṣìṣẹ́, gbogbo ènìyàn sì fẹ́ ra mọ́tò. Ní ọjọ́ 2 oṣù kẹrin 1972, Nàìjíríà kúrò ní apá òsì ojú ọ̀nà, a bọ́ sí apá ọ̀tún. Ní 1975, wọ́n dá àwọn tó ń darí ọkọ̀ lábẹ́ ọlọ́pàá sílẹ̀, àwọn tí àwọ̀ aṣọ wọn mú kí ará ìlú sọ wọ́n ní Yellow Fever. Nígbà tí ìyẹn kò tó, ṣọ́jà jáde. Ẹ béèrè lọ́wọ́ bàbá yín àgbà: koboko ni ṣọ́jà fi ń darí ọkọ̀ l'Ékòó nígbà FESTAC. Dírẹ́bà tó bá ṣẹ̀, ara rẹ̀ ló máa fi san án, lójú títì, níṣojú ìyàwó àti ọmọ rẹ̀. Kò sí ìwé, kò sí rìsíìtì. Ṣùgbọ́n ohun kan wà níbẹ̀ tí mo fẹ́ kẹ́ ẹ fi sọ́kàn: bó ti burú tó yẹn, ẹni tó wa mọ́tò ni wọ́n nà. Wọn kò na ẹni tó ta mọ́tò fún un.

Ní 1977 ni nọ́ḿbà gba iṣẹ́ lọ́wọ́ koboko. Ìjọba ní kí mọ́tò tí nọ́ḿbà rẹ̀ ṣeé pín sí méjì máa jáde ní ọjọ́ tirẹ̀ l'Ékòó, kí èyí tí kò ṣeé pín máa jáde ní ọjọ́ kejì. Lórí ìwé, ìdajì mọ́tò ìlú á jókòó sílé. Ẹ̀yin náà mọ ohun tí ará Èkó ṣe. Ẹni tó lówó ra mọ́tò kejì tí nọ́ḿbà rẹ̀ bá ọjọ́ tó kù mu. Mọ́tò tí wọ́n fẹ́ dín kù wá ń pọ̀ sí i. Ẹni tí kò lówó mọ́tò kejì ló fẹsẹ̀ rìn tàbí kó wọ mólúè lọ́jọ́ tí kì í ṣe tirẹ̀. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí ìjọba fi nọ́ḿbà darí wa, orí àpò ẹni tí kò ní ni ó sì já sí.

N kò fẹ́ kẹ́ ẹ rò pé ọ̀tá òfin ojú pópó ni mí. Ní ọdún 1977 yẹn kan náà, ní ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ àtijọ́, wọ́n dá ẹgbẹ́ ẹ̀ṣọ́ ojú pópó sílẹ̀, Wole Soyinka sì ni olórí ìpolongo rẹ̀. Ó ń kọ́ni ní Yunifásítì Ifẹ̀ nígbà náà, ojú ọ̀nà Ìbàdàn sí Ifẹ̀ sì ń pa àwọn akẹ́kọ̀ọ́ àti olùkọ́. Maja-maja ni àwọn ará ìlú ń pe àwọn ẹ̀ṣọ́ náà. Nígbà tí ìjọba àpapọ̀ dá FRSC sílẹ̀ ní oṣù kejì 1988, Soyinka náà ni wọ́n fi ṣe alága àkọ́kọ́. Òkú ojú ọ̀nà ló bí òfin yìí, kì í ṣe owó. FRSC yìí kan náà ló sọ nọ́ḿbà mọ́tò gbogbo Nàìjíríà di irú kan náà ní 1992, òun ló sì gbé irú tuntun jáde ní 2011. Láti ìgbà yẹn, ní èrò ìjọba, mọ́tò kan, nọ́ḿbà kan, orúkọ kan.

Ní èrò ìjọba ni mo sọ o.

LASTMA dé ní ọdún 2000, nígbà Bola Tinubu. Àwọn ọmọ ọdún bíi tèmi, LASTMA ni a bá láyé. A mọ bó ṣe máa ń rí: òṣìṣẹ́ kan á yọ láti ẹ̀yìn òpó, èkejì á fò wọ ẹ̀gbẹ́ dírẹ́bà, á di kọ́kọ́rọ́ mú, ìjíròrò á bẹ̀rẹ̀. «Ọ̀gá mi, ẹ jọ̀ọ́.» «Ẹ wo ọmọ tó wà lẹ́yìn, ẹ̀ ń bọ̀ láti ilé ìwòsàn ni.» Ní ìgbà kan, ẹni tí wọ́n bá mú níbi wan-wé, wọ́n á ní kó lọ ṣe àyẹ̀wò ọpọlọ, bí ẹni pé aláìsàn nìkan ló lè gba wan-wé l'Ékòó. Ní oṣù kẹjọ 2012, Babatunde Fashola buwọ́ lu òfin ojú pópó tuntun, ìyà wá le sí i: ẹ̀wọ̀n wà nínú rẹ̀, gbígba mọ́tò pátápátá náà wà nínú rẹ̀.

Gbogbo wa mọ ohun tó máa ń tẹ̀ lé ìjíròrò yẹn. Ẹ̀gúnjẹ ni. Kì í ṣe gbogbo òṣìṣẹ́ ló ń gbà á, ṣùgbọ́n ìbẹ̀rù ohun tó wà nínú ìwé òfin ni ó ń jẹ́ kí dírẹ́bà tètè tọwọ́ bọ àpò. Ibí yìí ni kámẹ́rà ti gba ìyìn lọ́wọ́ mi. Kámẹ́rà kì í di kọ́kọ́rọ́ mú. Kì í wọ inú mọ́tò ọmọbìnrin tó dá wà lálẹ́. Kò mọ ẹni tó jẹ́ ọmọ ọlọ́jà. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ní Egbeda tí mo bá sọ̀rọ̀ kí n tó ṣe ètò yìí, ohun kan náà ni wọ́n kọ́kọ́ sọ: ó sàn kí ẹ̀rọ mú mi ju kí èèyàn mú mi lọ. Lẹ́yìn náà ni wọ́n á wá ní «ṣùgbọ́n».

Kí a tó dé orí «ṣùgbọ́n» yẹn, ẹ jẹ́ kí n sọ ìtàn kan tó máa ń pa mí lẹ́rìn-ín. Ọmọ ilẹ̀ Netherlands kan wà tó ń jẹ́ Maurice Gatsonides. Awakọ̀ ìdíje ni, òun ló gba Monte Carlo ní 1953. Ó fẹ́ mọ bí òun ṣe ń yára tó ní kọ́nà, kó lè túbọ̀ yára, ló bá ṣe ẹ̀rọ tó ń wọn eré mọ́tò. Ní 1958, ó dá ilé iṣẹ́ sílẹ̀ lé e lórí. Ẹ̀rọ tí eléré ṣe kó lè sáré sí i ni ó di èyí tí wọ́n fi ń mú eléré káàkiri ayé. Àwọn ẹbí yín ní Lọ́ńdọ̀nù ń pè é ní Gatso títí dòní, wọ́n sì ń ṣépè fún un.

Ní 1992 ni ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì gbé irú rẹ̀ sójú títì, ní afárá Twickenham. Láàárín ọjọ́ 22 àkọ́kọ́, ó ya àwòrán mọ́tò tó lé ní 22,000 tó sáré kọjá máìlì 65 ní wákàtí kan, níbi tí òfin ti fi òpin sí 40. Ẹ̀rọ tó ń ka nọ́ḿbà mọ́tò fúnra rẹ̀ ti wà ṣáájú ìyẹn, ilé iṣẹ́ ìmọ̀ ìjìnlẹ̀ àwọn ọlọ́pàá ibẹ̀ ló ṣe é ní 1976. Ohun tó ṣe pàtàkì jù fún ìtàn wa ni lẹ́tà tó máa ń tẹ̀ lé àwòrán náà. Lẹ́tà àkọ́kọ́ tó ń dé ilé ẹni tó ni mọ́tò tó sáré kì í kàn ṣe «san owó». Ó ń béèrè pé: ta ló wa mọ́tò náà lọ́jọ́ yẹn? Dandan ni kí ẹni tó ni ín dáhùn, bí kò bá sì dáhùn, ẹ̀ṣẹ̀ mìíràn nìyẹn. Ó le, ṣùgbọ́n àlàfo wà nínú fọ́ọ̀mù náà tí èèyàn lè kọ orúkọ ẹlòmíràn sí. Wọ́n mọ̀ pé nọ́ḿbà àti èèyàn kì í ṣe nǹkan kan náà.

Àwa ńkọ́? Ní 2010, ìjọba àpapọ̀ bá ilé iṣẹ́ ZTE ti ilẹ̀ Ṣáínà ṣe àdéhùn mílíọ̀nù 470 dọ́là, kí kámẹ́rà 2,000 lè wà ní Àbújá àti Èkó. Àwọn òpó náà dúró, kámẹ́rà orí wọn kú. Ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin ṣe ìwádìí títí. Fún ìgbà pípẹ́, kámẹ́rà ní Nàìjíríà jẹ́ ohun tí ẹyẹ ń bà lé. Ẹ sì rántí oṣù kẹwàá 2020, ọjọ́ márùn-ún lẹ́yìn tí wọ́n yìnbọn ní too-geeti Lekki: Fashola, tó ti di mínísítà, tẹ̀ ba, ó sì mú kámẹ́rà kékeré kan nílẹ̀ níwájú àwọn oníròyìn. A fi ṣe yẹ̀yẹ́ lórí Twitter fún oṣù mélòó kan. Ṣùgbọ́n lábẹ́ ẹ̀rín yẹn, ìbéèrè gidi wà: kámẹ́rà tó bá rí ohun tí ìjọba ṣe, ọwọ́ ta ni àwòrán rẹ̀ wà?

Ó wá dé báyìí, kámẹ́rà tó ń ṣiṣẹ́. Ìjọba Babajide Sanwo-Olu pè é ní Intelligent Transport System, Kọmíṣọ́nnà ètò ìrìnnà, Oluwaseun Osiyemi, sì ti ń kìlọ̀ fún àwọn awakọ̀ nípa rẹ̀. Àwọn VIO náà ní ẹ̀rọ tó ń ka nọ́ḿbà. Bó ṣe ń ṣiṣẹ́ rọrùn: ó ya àwòrán, kọ̀ǹpútà ka lẹ́tà àti nọ́ḿbà, ó lọ wo inú àkọsílẹ̀ bóyá ìwé mọ́tò ti kú tàbí eré ti pọ̀ jù, àtẹ̀jíṣẹ́ á sì gba fóònù lọ. Ẹ̀yin ará Alimosho tó ń sọ pé kò kàn yín, pé Ikeja àti Alapere ni kámẹ́rà pọ̀ sí, ẹ jọ̀ọ́, ibo lẹ ń lọ ṣiṣẹ́? Láàárọ̀, KTU kún Mobolaji Bank-Anthony Way bí ẹni pé àwa la ni ín.

Ọ̀rọ̀ tí àwọn dírẹ́bà ń sọ lẹ́yìn «ṣùgbọ́n» nìyí. Danfo tó ń ná Ikotun sí Oshodi, ó ṣọ̀wọ́n kí dírẹ́bà ló ni ín. Ọ̀gá kan ló ni ín, dírẹ́bà ń jíṣẹ́ owó fún un lójoojúmọ́. Dírẹ́bà àárọ̀ lè má jẹ́ ti ìrọ̀lẹ́, nítorí àwọn adelé tí wọ́n ń pè ní squad wà. Àtẹ̀jíṣẹ́ ìtanràn lọ bá ọ̀gá. Ọ̀gá kò béèrè ẹni tó wa mọ́tò ní aago mẹ́rin, ó yọ ọ́ nínú owó ẹni tó bá kọ́kọ́ rí. Ẹni yẹn kò rí àwòrán, kò rí wákàtí, kò mọ ibi tó lè lọ bẹ̀bẹ̀. LASTMA, ó kéré tán, o lè bá a jiyàn. O lè sọ fún un pé kòtò ló mú mi yà, pé iná ojú pópó náà kò ṣiṣẹ́, pé ọlọ́pàá kan ló ní kí n máa bọ̀. Kòtò kì í hàn nínú àwòrán nọ́ḿbà.

Ọ̀ràn àwọn tí ń bo nọ́ḿbà tún wà. A ti rí wọn ní ojú ọ̀nà LASU sí Isheri: mọ́tò dúdú, aṣọ lórí nọ́ḿbà, fìlà ṣọ́jà lókè dáṣíbọ́ọ̀dù. Ní oṣù keje 2012, Fashola fúnra rẹ̀ ló dá ọ̀gá ṣọ́jà tó gba ojú ọ̀nà BRT dúró. Ní ìbẹ̀rẹ̀ 2024, Sanwo-Olu mú ṣọ́jà kan tó gba wan-wé lójú ọ̀nà Badagry, ọkùnrin náà sì sọ fún un pé ṣọ́jà ni òun, bí ẹni pé ìyẹn tó. Ìgbà méjèèjì, gómìnà gbọ́dọ̀ sọ̀kalẹ̀ nínú mọ́tò. Kámẹ́rà kò lè sọ̀kalẹ̀. Ẹni tó tẹ̀ lé òfin, tó gbé nọ́ḿbà rẹ̀ síta gbangba, òun ló rọrùn jù láti mú.

Tí a bá wá sọ ti ìṣọ́ni, mo mọ̀ pé ọ̀pọ̀ yín á ní, kí ló kàn mí, n kò ṣe ohun àbòsí. Ẹ gbọ́ ti Birmingham. Ní 2010, àwọn ará àdúgbò kan níbẹ̀ tí Mùsùlùmí pọ̀ sí rí kámẹ́rà tó lé ní 200 tí wọ́n gbé yí wọn ká. Wọ́n ní ààbò àdúgbò ni. Ó wá hàn pé owó tí wọ́n yà sọ́tọ̀ fún gbígbógun ti ìpániláyà ni wọ́n fi rà á. Ìlú bínú, wọ́n sì yọ gbogbo rẹ̀. Kámẹ́rà tó mọ ìgbà tí mo kọjá Ikeja mọ ìgbà tí mo lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, ìgbà tí mo lọ sí ìwọ́de, àti ilé ẹni tí mo sùn sí. Abala 37 nínú òfin ìpìlẹ̀ 1999 dáàbò bo ìkọ̀kọ̀ wa. Òfin tí Ààrẹ Tinubu buwọ́ lù ní oṣù kẹfà 2023 lórí ìsọfúnni ara ẹni tún sọ pé ènìyàn ní ẹ̀tọ́ kí ó má jẹ́ ẹ̀rọ nìkan ló máa pinnu ọ̀ràn tó kàn án, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó fi àyè sílẹ̀ fún ibi tí òfin mìíràn bá ti gbà á láyè. Ẹ̀tọ́ yìí ni mo fẹ́ kí a máa béèrè.

Ilé ẹjọ́ náà kò sùn. Ní oṣù kẹwàá 2024, Adájọ́ Evelyn Maha ti ilé ẹjọ́ gíga ìjọba àpapọ̀ l'Ábújá dájọ́ pé kò sí òfin tó fún àwọn VIO ibẹ̀ láṣẹ láti dá mọ́tò dúró, láti gbà á, tàbí láti bu owó ìtanràn lé awakọ̀ lórí. Ìdùnnú ṣubú lu ayọ̀ lórí WhatsApp, àwọn kan ní Egbeda ti ń sọ pé ó parí. Kò parí. Àbújá ni ẹjọ́ yẹn dá lé lórí, Èkó ní òfin tirẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n mi ńkọ́? Ọ́fíìsì tó lọ ní kó mú ẹ̀rí wá pé òun ti ta mọ́tò. Ó ní ìwé ọwọ́ kan tí òun àti oníbàárà fọwọ́ sí, ṣùgbọ́n wọn kò yí orúkọ padà nínú àkọsílẹ̀, nítorí owó ni, àti nítorí pé kò sẹ́ni tó ń yí i padà ní àdúgbò wa. Ẹ̀bi tiwa nìyẹn, mo gbà. Ó wá ẹni tó rà á lọ sí Egbeda. Ẹni yẹn fún un ní omi tútù, ó sì sọ fún un pé òun náà ti tà á, ó tó oṣù mẹ́ta. Títí di bí mo ṣe ń sọ̀rọ̀ yìí, mọ́tò náà ń rìn níbì kan l'Ékòó, KTU níwájú, KTU lẹ́yìn, orúkọ ẹ̀gbọ́n mi nínú ìwé. Àtẹ̀jíṣẹ́ kejì wọlé ní ọjọ́ Ẹtì tó kọjá.

Ẹ̀yin tí irú rẹ̀ ti ṣẹlẹ̀ sí, ẹ fi ohùn yín ránṣẹ́ sí wa. Ó di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀.